Ẹni tó mọ ojú wáyà: ìdí tí òṣìṣẹ́ iná fi ń dúró, ìdí tó fi ń lọ

Ìjì ni í kọ́kọ́ ń dé sí Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. A máa ká páànù kúrò lórí ilé, a máa da ẹ̀ka igi sójú títì, òpó iná tí ikán bá sì ti jẹ nídìí, ọjọ́ náà ni yóò ṣubú. Iná á lọ. Láti Ṣakí dé Àgọ́-Àrẹ, ní Tedé, ní Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rì, ẹ̀rọ ìlọta á dúró. Ẹni tó ń ta ẹja inú fìrísà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò rà á kó tó bàjẹ́. Wẹ́dà á gbé jẹnẹrétọ̀ síta, á sì fi owó epo bẹntiróòlù lé iye tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Gbogbo wọn á wá máa bi ara wọn pé, “Ìgbà wo ni NEPA máa wá tún un ṣe?” NEPA tí wọ́n ń pè ti kógbá sílé láti 2005, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lẹ́nu aráyé.

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò sí lára ẹ̀rọ, ara ènìyàn ló wà. Wáyà alágbára tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní 33 kV ló ń gbé iná gba inú ìgbẹ́ láti ìlú kan sí òmíràn ní Òkè-Ògùn, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn. Ó gba inú oko gbágùúdá, ó gba ẹsẹ̀ òkè, ó sọdá odò tí ọkọ̀ kò lè là kọjá lásìkò òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná tí àwọn ọdẹ àti darandaran ń dá sí pápá a máa jó òpó onígi láti ìdí wá. Òṣìṣẹ́ tó bá ti ń tọ wáyà yìí fún ọdún mẹ́wàá mọ òpó tó ti ń fì, ó mọ ibi tí ẹrẹ̀ máa ń wà, ó mọ baálẹ̀ abúlé tí yóò pè lórí fóònù pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ọmọ kan lọ wo ẹ̀yìn oko yín, bóyá wáyà ti já síbẹ̀.” Bí iná bá lọ lóru, á ti mọ apá ibi tí yóò kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú ńlá yóò máa tọ òpó kan dé èkejì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó sì lè gbà á tó ọjọ́ mẹ́ta.

Kò sí ìwé kankan tí ilé iṣẹ́ kọ irú ìmọ̀ yìí sí. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ yẹn bá kọ̀wé pé òun ń lọ, tòun tìmọ̀ náà ló jọ ń lọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ òní dá lé nìyẹn: bí ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ iná ń gbà gba òṣìṣẹ́ sílé, tó ń gbà san owó rẹ̀, tó ń gbà dáàbò bò ó, tó sì ń gbà gbé e ga, ṣe ń pinnu bóyá yóò dúró tàbí yóò bá tirẹ̀ lọ. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lè wà ní Ìbàdàn tàbí ní Àbújá. Àwọn tí yóò jókòó sínú òkùnkùn nítorí ohun tí wọ́n bá pinnu níbẹ̀ lè jẹ́ ará Kìṣí tí kò mọ̀ pé irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ wà.

Ìgbà kan wà tí Nàìjíríà mọ bí a ṣe ń mú òṣìṣẹ́ iná dúró sínú ìgbẹ́. Ní 1950 ni ìjọba amúnisìn dá àjọ iná mànàmáná sílẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ECN. Ní 1962, wọ́n dá àjọ mìíràn sílẹ̀ tí yóò bójú tó ìsédò lórí Odò Ọya, òun ló sì kọ́ dáàmù Kainji. Ọdún 1964 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, oṣù Kejì 1969 ni wọ́n ṣí i. Ilẹ̀ Borgu ni Kainji wà, ọ̀dàn kan náà pẹ̀lú Òkè-Ògùn ni. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kaiama lọ láti Ṣakí yóò rí i pé koríko kò yàtọ̀, igi kò yàtọ̀. Kò sí ìlú ńlá nítòsí nígbà náà. Bí ẹnjiníà yóò bá kó ìyàwó àti ọmọ wá síbẹ̀, àfi kí ibi tí wọn yóò gbé àti ibi tí wọn yóò ti kàwé ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, wọ́n kọ́ kọ́tàsì fún òṣìṣẹ́, wọ́n kọ́ ilé ìwé fún ọmọ wọn, wọ́n ṣe ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n da àjọ méjèèjì pọ̀ di NEPA ní 1972, ètò náà bá wọn wọ ilé tuntun. Òṣìṣẹ́ lè dé Kainji ní ọ̀dọ́, kó bímọ síbẹ̀, kí ọmọ náà parí ìwé mẹ́fà níbẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì fẹ̀yìn tì láìtíì kúrò níbẹ̀.

Èyí kò sọ ayé NEPA di ọ̀run o. Àwọn tó gbé ayé nígbà náà kò tíì gbàgbé bí iná ṣe ń lọ, tàbí bí ọ̀rọ̀ ‘ta lo mọ̀’ ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí gbígba ènìyàn síṣẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ NEPA mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ alẹ́ ni òun wọ̀, ó sì ń fara balẹ̀ kọ́ ọ.

Òfin àtúntò iná ti ọdún 2005 ló fòpin sí orúkọ náà. PHCN gba ipò NEPA, wọ́n sì pín PHCN sí ilé iṣẹ́ 18: mẹ́fà tí yóò máa pèsè iná, ọ̀kan tí yóò máa gbé e ká orílẹ̀-èdè, mọ́kànlá tí yóò máa pín in dé ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá 2013, ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pèsè iná àti àwọn tó ń pín in lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́, ó sì fi TCN, tó ń gbé iná kiri, sọ́wọ́ ara rẹ̀. Òkè-Ògùn bọ́ sábẹ́ IBEDC, tó ń pín iná ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Kwara, tó tún mú apá kan Niger, Èkìtì àti Kogí. Ilẹ̀ tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi òṣìṣẹ́ tó wá lónìí, tó lọ lọ́la, bójú tó.

Òṣìṣẹ́ PHCN ju 40,000 lọ nígbà títa náà. Wọ́n fún wọn ní ìwé pé iṣẹ́ ti parí pẹ̀lú PHCN, owó ìdádúró tẹ̀ lé e, àwọn tó ra ilé iṣẹ́ sì yan àwọn tí wọ́n fẹ́ bá ṣiṣẹ́ lọ. Nínú àwọn tó kó ẹrù wọn lọ sílé ni àwọn àgbà tó mọ ojú wáyà wà. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lábẹ́ ọ̀gá tí wọn kò mọ̀ rí, láìmọ̀ bóyá iṣẹ́ yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹni tó lọ́gbọ́n lórí kì í dúró kí wọ́n lé òun. Á máa fi ojú kan ṣiṣẹ́, á máa fi ojú kejì wá ibòmíràn.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn títa náà, ọgbẹ́ yẹn kò tíì jiná. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2022, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná, NUEE, ti ilẹ̀kùn ibùdó iná káàkiri orílẹ̀-èdè, òkùnkùn sì bò wá. Ẹ̀dùn ọkàn mẹ́ta ni wọ́n kà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni owó àwọn òṣìṣẹ́ PHCN àtijọ́ tí wọ́n ti ṣàdéhùn lé lórí ní oṣù Kejìlá 2019, tí wọn kò tíì san tán. Èkejì ni àṣẹ tí ìgbìmọ̀ TCN pa pé kí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ tó ń di ipò mú lọ ṣe ìdánwò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kí wọ́n tó lè gòkè, èyí tí ẹgbẹ́ ní wọ́n gbé kalẹ̀ láìfi lọ àwọn, tó sì tako ìlànà iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí. Ẹ̀kẹta ni pé wọ́n ń fojú burúkú wo ẹni tó bá ti PHCN wá, wọn kì í jẹ́ kó rí iṣẹ́ ní apá ibòmíràn nínú ẹ̀ka iná. Ìjọba bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí olùgbọ́ tún àwọn ẹ̀dùn yẹn gbé yẹ̀ wò. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó sọ pé kí wọ́n fi kún owó oṣù. Àdéhùn tí wọn kò mú ṣẹ, ìgbéga tí wọ́n yí ìlànà rẹ̀ padà lójijì, àti àbùkù: ohun tó mú kí orílẹ̀-èdè tó ní ènìyàn tó ju 200 mílíọ̀nù lọ wọ òkùnkùn nìyẹn. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó ti parí kó tó di ohun tí ìjọba àpapọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí.

Èyí tó burú jù lọ kò ní ariwo ìyanṣẹ́lódì nínú rárá. Òun ni ti àwọn tí wọ́n ń pè ní kásúà. Àwọn wọ̀nyí wọ aṣọ ilé iṣẹ́, wọ́n ń gbé àkàbà, wọ́n ń gun òpó, wọ́n ń pín ìwé iná, àwọn ni aráàlú ń bú bí iná kò bá wá. Ṣùgbọ́n abẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan ni orúkọ wọn wà, bó bá tilẹ̀ wà níbì kankan. Ọdún pípẹ́ ni NUEE àti SSAEAC, ẹgbẹ́ àwọn àgbà òṣìṣẹ́ iná, ti ń fi ẹjọ́ àṣà yìí sùn.

Ká mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ṣakí tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala keje, sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ènìyàn ti wọṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà, owó rẹ̀, wákàtí rẹ̀ àti bí a ṣe lè fòpin sí i. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ pamọ́ fún un, kí òun náà sì fi ìdá mẹ́jọ sí i. Òfin kan náà ní kí wọ́n ṣe ìbánigbófò ẹ̀mí fún un, tó jẹ́ pé bó bá kú, kò gbọdọ̀ dín ní owó ọdún mẹ́ta rẹ̀ tí ẹbí yóò gbà. Òfin ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù fún àjọ NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìtọ́jú. Ìdá kan mìíràn tún wà tó ń lọ sọ́dọ̀ àjọ ITF fún ìdálẹ́kọ̀ọ́.

Gbogbo èyí wà lórí ìwé fún ọmọ Ṣakí yẹn. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, ta ni yóò fi hàn pé òun ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Bó bá já bọ́ lórí òpó, agbaṣẹ́ṣe á ní ilé iṣẹ́ iná ló ni òpó, ilé iṣẹ́ iná á ní agbaṣẹ́ṣe ló ni òṣìṣẹ́. Àárín àwọn méjèèjì ni ìyá rẹ̀ yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀, pẹ̀lú ìwé owó ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ bá gba ìpè kan láti Èkó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí àkàbà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdé.

Ọ̀rọ̀ ààbò yìí ló bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ iná tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1891, àwọn òṣìṣẹ́ iná kóra jọ ní ìlú St. Louis, wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí IBEW sílẹ̀, torí pé iná ń pa àwọn tó ń gun òpó bí ẹni ń ṣẹ́ ẹ̀ka igi. Ohun tó jáde nínú ìjàkadì wọn ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó múná dóko. Lónìí, ẹni tó fẹ́ di agunpó ní Amẹ́ríkà yóò lo nǹkan bíi wákàtí 7,000 lẹ́nu ẹ̀kọ́, èyí tó tó ọdún mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin, wọn yóò sì máa sanwó fún un bó ti ń kọ́ ọ. Owó rẹ̀ ń gòkè bí ìmọ̀ rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ó mọ iye tí yóò máa gbà ní ọdún kejì kí ọdún kìíní tó parí.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bẹ́líìtì, akoto àti bàtà tó nípọn, wọn kì í ṣe ẹ̀bùn ọdún. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá sọ fún pé kó lo ìbọ̀wọ́ tó ti lu mọ́ wáyà tó ní iná lára ti rí i kedere iye tí wọ́n ka ẹ̀mí rẹ̀ sí. Kò sí ajẹmọ́nú tó lè pa ìyẹn rẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Owó ń kọ́? Owó ṣe pàtàkì, ẹni tó bá ní kò ṣe pàtàkì ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ní 1913, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ford ní Detroit ní láti gba ènìyàn bíi 52,000 kí nǹkan bíi 14,000 tó lè wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí bí àwọn kan ti ń wọlé ni àwọn kan ń jáde. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1914, Henry Ford kéde dọ́là 5 lójúmọ́, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù sí mẹ́jọ. Àwọn ènìyàn bá dúró. Níhìn-ín ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, owó oṣù kò ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìjọba gbé owó oṣù tó kéré jù lọ láti 30,000 náírà lọ sí 70,000 náírà ní 2024, ọjà sì ti ń sáré níwájú rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ń gbọ́ ìròyìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Kánádà àti ìlú Ọba. Ẹni tí kò lè jápá náà rí ọ̀nà mìíràn: látìgbà tí owó epo ti gòkè ní 2023, iṣẹ́ sólà ti di iṣẹ́ gidi. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń so wáyà lè fi páànẹ́ẹ̀lì àti bátìrì dá dúró ní Ìsẹ́yìn, kó má sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nínú irú ìdíje báyìí, ilé iṣẹ́ iná kò lè fi owó nìkan borí. Ohun tí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ sólà kò ní ló yẹ kí wọ́n fi mú òṣìṣẹ́ dúró: owó ìfẹ̀yìntì tí ń wọlé lóṣooṣù, ìtọ́jú ìlera fún ìyàwó àti ọmọ, ẹ̀kọ́ tí ń bá a lọ, ipò tó lè gòkè dé. Bí ilé iṣẹ́ kò bá ní ìwọ̀nyí, kí ni òṣìṣẹ́ ń dúró ṣe?

Ẹnì kan wà tí ohun tó rí ní Nàìjíríà kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Albert Hirschman ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni. Ó ṣèwádìí lórí rélùwéè Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960. Ó yà á lẹ́nu pé rélùwéè kò tún ara rẹ̀ ṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn lọ́rì ti ń gba ẹrù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí tó rí ni pé àwọn oníbàárà tí ì bá pariwo, tí ì bá fi ẹjọ́ sùn títí nǹkan yóò fi yí padà, àwọn gan-an ló kọ́kọ́ kó ẹrù wọn lọ sórí lọ́rì. Àwọn tó kù kò ní ohùn tó rinlẹ̀. Ní 1970, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí rẹ̀, gbogbo ayé ṣì ń kà á dòní. Ohun tó sọ nípa oníbàárà rélùwéè bá òṣìṣẹ́ iná mu wẹ́kú. Ẹni tó lè dìde nínú ìpàdé kó ní, “Ọ̀gá, bí ẹ ṣe ń gbé wa kiri yìí kò bójú mu,” òun náà ni ẹni tí ilé iṣẹ́ mìíràn fẹ́ gbà. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ, á lọ. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé á wá dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀gá á sì rò pé gbogbo ènìyàn ti tẹ́ lọ́rùn.

Kò jìnnà sí wa tí wọ́n ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní 1990, ìjọba Côte d'Ivoire fa iṣẹ́ iná lé ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CIE lọ́wọ́. Ọ̀gá tó darí rẹ̀ ni Marcel Zadi Kessy, tó ti darí SODECI, ilé iṣẹ́ omi, ṣáájú. Zadi Kessy rí i pé òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà kì í dá wà. Òkú ń bẹ tí yóò sin, ọmọ ẹ̀gbọ́n ń bẹ tí yóò rán níléèwé, ẹbí ń retí rẹ̀ nílé bí oṣù bá ti parí. Òun kò bínú sí èyí, kò sì pè é ní ìwà àìlajú. Ó dá owó ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ nínú ilé iṣẹ́, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ń bójú tó, kí ẹni tí àìsàn tàbí òkú bá dé bá má baà fọwọ́ kan owó ilé iṣẹ́. Ó dín àtẹ̀gùn ọ̀gá lórí ọ̀gá kù, kí ẹni tó wà ní ìlú kékeré lè pinnu ohun tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ya ìpín kan nínú ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná ní Bingerville, lẹ́bàá Abidjan. Ní 1998, ó kọ ìwé lórí bí àṣà ilẹ̀ Áfíríkà àti ìṣàkóso ilé iṣẹ́ òde òní ṣe lè jọ gbé.

Ohun tí Zadi Kessy ṣe kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà ní gbogbo ilé iṣẹ́, àwọn ìyá wa sì ti ń dá èésú kí bánkì tó dé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nílé iṣẹ́ púpọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ló ń dá alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ fúnra wọn, tí ọ̀gá á kàn máa wò wọ́n. CIE gbé e sáàárín gbùngbùn ètò iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a ń gbé òṣìṣẹ́ lọ tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹnjiníà láti Ìbàdàn wá sí Ìgbòho, tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn, tí wọn kò sì fún un ní ilé tàbí owó ilé, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ hàn gbangba. Ọjọ́ Jímọ̀ á ti dé Ìbàdàn, Mọ́ńdè ọ̀sán ni yóò tó padà, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà á ti rí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé e kúrò. Ìlú á tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ aráàlú rò pé àwọn òṣìṣẹ́ kò fẹ́ràn Òkè-Ògùn ni. Kò sí ẹni tó ṣètò kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ̀.

Ìsẹ́yìn gan-an ní àpẹẹrẹ tó yẹ kí ilé iṣẹ́ iná wò. Ẹni tó bá lọ sí àgbàlá àwọn ahunṣọ òkè níbẹ̀ yóò rí i pé ọmọ agboolé ni wọ́n ń kọ́ níṣẹ́, tàbí ọmọ tí òbí rẹ̀ fà lé ọ̀gá lọ́wọ́. Ọmọ náà mọ ọjọ́ tí yóò gba òmìnira, ọ̀gá mọ ojúṣe tirẹ̀, gbogbo àdúgbò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà kò fi kú láti ìran dé ìran. Ọmọ Òkèihò tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ iná dáadáa, tí wọ́n fún ní ìwé, tí wọ́n sì gbà síṣẹ́ ní Òkèihò, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò ti máa jáde lọ síbi iṣẹ́. Kò nílò kọ́tàsì. Nígbà tí aráàlú bá ń bínú, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í tètè na ọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń nawọ́ sí àlejò tó wá gé iná.

Ilé ẹ̀kọ́ tó lè ṣe èyí wà nítòsí. Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí, tó jẹ́ ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, ti dá dúró láti 2014. NAPTIN, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2009 láti máa kọ́ òṣìṣẹ́ iná, ní ibùdó ní Kainji, tó jẹ́ ará ilé Òkè-Ògùn. Bí ilé iṣẹ́ iná, Pólì yìí àti ibùdó Kainji bá jọ tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n lè máa mú ọmọ agbègbè náà lọ́dọọdún, kí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì ní Ṣakí, kí wọ́n mú un lọ gun òpó ní Kainji, kí wọ́n sì gbà á síṣẹ́ pẹ̀lú àdéhùn pé yóò lo iye ọdún kan nílé. Owó ITF tó ti ń lọ lọ́dọọdún ni wọ́n fi lè bẹ̀rẹ̀, nítorí òfin gbà kí ilé iṣẹ́ tó bá dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ béèrè apá kan owó náà padà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti ní agbára lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹfà 2023, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin iná tuntun tó gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàyè láti máa ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀. Ọ̀yọ́ wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti gba àṣẹ náà, ó sì ní àjọ tirẹ̀ fún un. Irú àjọ bẹ́ẹ̀ a máa béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ iná iye wákàtí tí iná fi wà, iye mítà tí wọ́n rì, iye owó tí wọ́n gbà. Ó yẹ kó tún máa béèrè iye agunpó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan àti ìdí tí wọ́n fi lọ, iye ọdún tí ẹni tó ń bójú tó wáyà kan ti lò lórí rẹ̀, iye àwọn tó wà lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe, àti bóyá owó ìfẹ̀yìntì wọn ń dé ibi tó yẹ kó dé. Kí wọ́n tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde fún aráàlú, kí ẹni tó ń san owó iná lè mọ irú ọwọ́ tí iná rẹ̀ wà. Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọn yóò sì kọ́kọ́ kà ni iye òṣìṣẹ́ tó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́.